Ọjà Àgbáyé àti Ètò Ìlú Kéékèèké: Ẹ̀kọ́ Láti Jos àti Kàdúná

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

  

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ìsopọ̀ àgbáyé ṣe ń kan ìṣàkóso àwọn ìlú kéékèèké tí púpọ̀ nínú wa ń gbé. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohun tó yẹ kó wà ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa. Ta ló yẹ kó kó pàǹtí ọjà? Kí ló dé tí omi ẹ̀rọ kò yọ mọ́? Ta ló ń gba owó ìsọ̀, kí ló sì ń fi í ṣe? Kí ló fà á tí iléeṣẹ́ tó ń gba àwọn ọkùnrin àdúgbò síṣẹ́ fi ti ilẹ̀kùn, tí àwọn oníbàárà wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹyọ kan dípò dọ́sìnnì kan?

Apá kan ìdáhùn wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Ṣáínà. Apá kejì wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí kò jìnnà sí ilé wa. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ọwọ́ wa kò tó ti òkèèrè, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa tó ti ilé. Ti ilé yìí ló sì ń pinnu bóyá ìjì tó ti òkèèrè wá yóò wó ìlú ni, tàbí yóò kàn mì ín kó tó kọjá lọ.

ÌLÚ WO LÀ Ń PÈ NÍ ÌLÚ KÉKERÉ?

Bí a bá ti dárúkọ ìlú, Èkó, Kánò, Àbújá tàbí Accra ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní 2018 pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó wà láyé, 55 ló ti kúrò ní ìgbèríko tí wọ́n ń gbé ìlú. Nínú àwọn ará ìlú wọ̀nyí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó jẹ́ pé ibi tí èrò rẹ̀ kò tó 500,000 ni wọ́n wà. Èyí ni pé bí ayé bá ń yí, orí àwọn ìlú kéékèèké ló pọ̀ jù tó ń yí lé.

Ìlú kékeré kì í ṣe abúlé. Ó ní ọjà, ó ní gáréèjì, ó ní ilé ìwòsàn, oríṣiríṣi ẹ̀yà ló sì ń gbé inú rẹ̀. Ohun tí kò ní ni agbára láti sọ iye tí wọn yóò ra ọjà rẹ̀. Bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ sí i, kì í tètè dé ojú ìwé ìròyìn. Jos kò kéré tó Pankshin, lóòótọ́. Ìkànìyàn 2006 fi hàn pé àwọn tó ń gbé Jos North lé ní 400,000, ti Jos South sì lé ní 300,000. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ Èkó tàbí Kánò, ọmọ ìyá kékeré ni Jos, ìtàn rẹ̀ ló sì hàn gbangba jù fún ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́.

Ní ti ìsopọ̀ àgbáyé, àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ ní ṣókí: ayé lu jára. Kì í ṣe nǹkan tuntun sí Yorùbá. Àwọn baba wa tó ń ti Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbòho lọ tajà ní Gánà ti mọ̀ pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn lè sọ ẹrù orí ẹni di ọrọ̀ tàbí kó sọ ọ́ di ẹrú owó. Ohun tó yàtọ̀ lónìí ni pé ó ń yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

KÙSÀ LÓ DÁ ÌLÚ JOS SÍLẸ̀

Tánganran, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní kuza, ló dá ìlú Jos sílẹ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń yọ́ tánganran kí òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé òkè Plateau kún fún un, wọ́n fa ojú irin tóóró kan láti Zaria wá, ó sì dé Jos ní nǹkan bí 1914. Ní 1927, ojú irin ńlá láti Port Harcourt náà dé ibẹ̀. Kì í ṣe pé ìlú wà níbẹ̀ tó fẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ẹrù tó fẹ́ dé etí òkun ló fa ojú irin, ojú irin ló sì fa ìlú.

Lẹ́yìn ojú irin ni àwa náà dé. Akọ̀wé rélùwéè, télọ̀, káfíńtà, oníṣòwò aṣọ àti àwọn ìyá wa tó ń ta nǹkan wẹ́wẹ́, wọ́n wá láti ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú àwọn Ìgbò, Haúsá àti Úróbò. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Leonard Plotnicov, kọ ìwé lórí ìgbé-ayé àwọn ará Jos, èyí tó jáde ní 1967, ọ̀rọ̀ àlejò ló fi sí àkọlé rẹ̀. Àlejò ló kún ìlú náà nítorí pé iṣẹ́ àlejò ló dá a sílẹ̀.

Ẹ wo bí òkèèrè ṣe lágbára tó lórí ìlú yìí. Ní 1942, nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Jàpáànù gba Malaya, níbi tí ọ̀pọ̀ tánganran ayé ti ń wá. Kò pẹ́ tí ìjọba amúnisìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi tipátipá kó àwọn ènìyàn lọ wa kùsà ní Plateau. Láàárín 1942 sí 1944, àwọn tí wọ́n kó tó nǹkan bí 100,000, àìsàn sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí kò bá ẹnikẹ́ni jà ní Malaya, wọn kò tilẹ̀ mọ ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà ń tà, àwọn iléeṣẹ́ kùsà ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ń la ọ̀nà, wọ́n ń kọ́ ilé òṣìṣẹ́, wọ́n ń ṣe ìdídò omi. Iléeṣẹ́ iná mànàmáná NESCO tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929 láti fi omi Kurra Falls fún ibi ìwakùsà níná, ó ṣì ń fún apá kan agbègbè náà níná títí di òní. Èyí dára. Ewu tó fara sin sínú rẹ̀ ni pé ìlú kò kọ́ láti dá ṣe nǹkan wọ̀nyí fúnra rẹ̀. Ẹni tí ẹlòmíràn bá ń bá gbọ́ bùkátà rẹ̀ kì í tètè mọ iye tí ó jẹ́.

NÍGBÀ TÍ OWÓ TÁNGANRAN JÁ

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1985, àjọ àgbáyé tó ń fi owó ẹ̀yáwó gbé iye owó tánganran ró kò rí gbèsè rẹ̀ san mọ́. Ọjà irin ní Lọ́ńdọ̀nù dá títa tánganran dúró. Láàárín oṣù díẹ̀ sí i, iye owó rẹ̀ ti já sí bí ìdajì. Kò sí ará Jos kankan nínú yàrá tí wọ́n ti ṣe ìpinnu náà. Ìwakùsà ní Plateau ti ń relẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìjábọ́ yìí ló gbá a mọ́lẹ̀.

Ohun tó kù lẹ́yìn wọn ni kòtò. Káàkiri Jos, Bukuru àti Barkin Ladi, kòtò kùsà tó kún fún omi pọ̀ lọ jàra, ọmọdé àti màlúù sì ń bá inú wọn lọ. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti ṣà tánganran kúrò nínú rẹ̀ ní àwọn èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ń fi irú iyẹ̀pẹ̀ yìí kọ́lé. Èrè ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, ìnáwó àtúnṣe sì wá di ti ìjọba tí kò lówó.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ apá kan ká fi apá kan sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Plateau gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń fa omi, èyí tí wọ́n kó wá láti òkèèrè, sí etí àwọn kòtò náà, wọ́n sì ń gbin kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, tòmátì àti pòtétò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀fọ́ wọ̀nyí ń lọ sí Àbújá, Port Harcourt àti Èkó. Ọjà àgbáyé ló gba iṣẹ́ kan, òun náà ló gbé irinṣẹ́ mìíràn wá. Ẹni tó tètè rí i ló jẹ níbẹ̀. Ohun tó ń dí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lónìí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀nà tí kò dára ni, ibi tí kò sí láti tọ́jú ẹ̀fọ́ kó má bàa rà ni, àti àìsí ààbò lójú ọ̀nà oko. Ti ilé ni gbogbo ìwọ̀nyí.

AṢỌ KÀDÚNÁ

Bí ẹnì kan bá ní ti Jos jẹ́ ti ìgbà àtijọ́, kó jẹ́ ká dé Kàdúná. Iléeṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957. Òwú àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Haúsá ló ń lò. Àwọn iléeṣẹ́ aṣọ mìíràn tẹ̀ lé e, United Nigerian Textiles sì wà lára wọn láti 1964. Àwọn òṣìṣẹ́ wá láti ìpínlẹ̀ gbogbo. Ní òpin oṣù, owó wọn ń dé ọ̀dọ̀ olóúnjẹ, onílé, télọ̀ àti àwọn tó ń ta bàtà ọmọ iléèwé. Púpọ̀ nínú wa tó wà níbí ló fi irú owó bẹ́ẹ̀ rán ọmọ lọ síléèwé.

Ní 1995, Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2005, àdéhùn tó ti ń fi ìwọ̀n sí aṣọ tí orílẹ̀-èdè kan lè tà fún àwọn mìíràn dópin. Aṣọ Ṣáínà wá kún ayé. Aṣọ tí ìjọba Nàìjíríà ní kó má wọlé ń gba ẹnu ibodè kọjá lóru. Àwọn iléeṣẹ́ Kàdúná tó ń ra dísù láti fi ṣe iná fúnra wọn kò lè ta aṣọ wọn ní iye tí àwọn ará Ṣáínà ń ta tiwọn. Kaduna Textiles ti ti ilẹ̀kùn ní 2002. United Nigerian Textiles tẹ̀ lé e ní 2007, nígbà tó sì tún ṣí ní òpin 2010, kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé Elisha Renne kọ ìwé kan ní 2020 nípa àwọn òṣìṣẹ́ Kaduna Textiles. Ó sọ nípa àwọn tí wọn kò rí owó ìfẹ̀yìntì wọn gbà títí wọ́n fi kú, àti àwọn opó tó wá ń sáré owó náà kiri. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ àgbáyé ti ń di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ bíi tiwa. Nígbà tí iléeṣẹ́ bá kú, ẹgbẹ́ ló ń sin òkú òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ ló ń wá owó iléèwé ọmọ rẹ̀.

ẸRÙ ÒKÈÈRÈ, PÀǸTÍ ILÉ

Ẹ wá jẹ́ ká wo ẹni tí ètò ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 to iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, ilé ìgbẹ́ gbogboògbò, kíkó pàǹtí, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti ti òkú sílẹ̀, fífún òpópónà lórúkọ àti ilé ní nọ́ńbà, àti gbígba owó lórí ilé. Ó tún ní àwọn ni kó máa fún kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ọmọlanke àti bárò ní ìwé àṣẹ.

Ẹ gbọ́ o: kẹ̀kẹ́ ológeere àti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n! Ohun tó kún òpópónà wa ni alùpùpù láti Ṣáínà àti Íńdíà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àti mọ́tò tòkunbọ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́ tí iléeṣẹ́ ti dá dúró bá ra alùpùpù olówó pọ́ọ́kú, ó ti rí iṣẹ́, ará ìlú sì ti rí ohun tí yóò gbé e dé ilé. Ṣùgbọ́n ìlú kò múra dè é. Nígbà tí ìjànbá àti ìwà ọ̀daràn wá pọ̀, òfin ìfòfindè ló kù. Ìjọba ìpínlẹ̀ Plateau fòfin de ọ̀kadà ní Jos àti Bukuru ní 2010, ti Kánò sì tẹ̀ lé e ní 2013. Ìfòfindè kì í ṣe ètò. Ìlú tó bá ti ka àwọn ọlọ́kadà sílẹ̀, tó fún wọn ní ibùdó àti ìwé àṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní í dé ibi pé kó lé gbogbo wọn lọ lọ́jọ́ kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀rá píọ́ wọ́tà, tẹlifóònù tó ti bàjẹ́, bátìrì àti kọ̀ǹpútà àlòkù. Ọjà àgbáyé mú wọn dé ẹnu ọ̀nà wa ní owó pọ́ọ́kú, kò sì ní padà wá kó wọn. Gọ́tà ni wọ́n ń lọ. Bí òjò bá rọ̀, omi tí kò rí gọ́tà gbà yóò gba inú ṣọ́ọ̀bù. Omi kò mọ Yorùbá, kò mọ Haúsá, kò mọ Bìrọ̀m.

Ìjọba ìbílẹ̀ yóò ní kò sówó. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni owó wọn fi ń gba inú àpò kan ṣoṣo tí gómìnà ń ṣàkóso. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Àbújá dá a lẹ́jọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, àti pé gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un pamọ́. Ìdájọ́ ni èyí, kì í ṣe owó tó ti dé ọwọ́. Ará ìlú tí kò bá béèrè kò ní mọ ìgbà tó dé, kò sì ní mọ ibi tó gbà lọ.

Ìdààmú mìíràn ni pé ọ̀pọ̀ ìlú kò ní ẹni kan tó ń bójú tó wọn lódindi. Jos wà lábẹ́ Jos North, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, àti Jos South. Gọ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀kan lè parí sí èkejì. Láti 2006 ni a kò sì ti ka ènìyàn mọ́ ní Nàìjíríà. Bí a kò bá mọ iye ẹni tó ń mu omi, báwo la ṣe fẹ́ mọ bí kànga ṣe yẹ kó jìn tó?

TA LÓ NI ÌLÚ?

Mo fẹ́ kan ibi tó ń dùn wá. Nígbà tí ọjà àgbáyé bá gbóná mọ́ ìlú tí kò ní ètò, àlejò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wo lójú. Owó kòkó já lulẹ̀ ní 1965, gbèsè sì wọ ìjọba Gánà lọ́rùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó padà wálé nígbà náà. Àwọn kan fi ilé sílẹ̀, àwọn kan fi gbèsè tí oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó yá, owó epo rọ̀bì já, ní oṣù kìíní 1983 ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn ọmọ Gánà, àpò tí wọ́n fi kó ẹrù sì gba orúkọ tí a ń pè é títí di òní. Kò sí orílẹ̀-èdè kan tó lè fi ìka na èkejì.

Ní Jos, rògbòdìyàn ọdún 2001, 2008 àti 2010 ní ọ̀pọ̀ ìdí: ọ̀rọ̀ òṣèlú, ilẹ̀, ẹ̀sìn, àti ọ̀ràn ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni àlejò. N kò ní sọ pé iye owó tánganran ló dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tí iṣẹ́ ti wọ́n, tí ọ̀dọ́ rẹ̀ jókòó lásán, koríko gbígbẹ ni. Ní 2002, ọjà ńlá tó wà ní àárín ìlú náà, tí a ń pè ní Terminus, jóná. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí kò tíì padà sí ipò rẹ̀. Ọjà yẹn ni ibi tí ẹ̀yà gbogbo ti ń pàdé láìjà. Nígbà tó jóná, kálukú lọ pa àtẹ sí àdúgbò àwọn tirẹ̀ àti sí ẹ̀bá títì. Ọjà kì í ṣe ibi ìpawó nìkan. Bí ètò rẹ̀ bá bàjẹ́, àlàáfíà náà bàjẹ́.

KÍ NI KÁ ṢE?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo mú ọ̀nà márùn-ún wá.

Èkínní, ẹ jẹ́ ká di ẹni tí a kà. Ẹ kọ orúkọ ọmọ yín tuntun sílẹ̀ ní ìlú tí ẹ bí i sí. Ẹ jẹ́ kí ìwé ilẹ̀ àti ìwé ṣọ́ọ̀bù wà, ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó padà láti Gánà ní 1969 ló ní ohun ìní, ìwé ni wọn kò ní.

Èkejì, ẹ san owó tó tọ́, kí ẹ sì gba rìsíìtì rẹ̀. Ẹni tó bá ń fún agbowó ní ẹ̀gúnjẹ kò lẹ́nu láti béèrè ibi tí owó ìlú wọlé sí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ní rìsíìtì ẹgbẹ̀rún ìsọ̀ lọ́wọ́ lè kọ̀wé sí alága ìjọba ìbílẹ̀ pé: iye tí a san nìyí, gọ́tà wa dà?

Ẹ̀kẹta, ẹ dáàbò bo ọjà. Kí ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná lè gbà wà láàárín ìsọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi wáyà iná kọ́ ara wọn. Kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kọ̀ọ̀kan ra ìwé adójútòfò fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lápapọ̀, nítorí bí ẹnì kan bá ní kó dá rà á, yóò wọ́n jù fún un.

Ẹ̀kẹrin, igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìlú tó gbára lé tánganran nìkan, ẹ ti rí i. Ìlú tó gbára lé aṣọ nìkan, ẹ ti rí i. Ìdílé tó gbára lé ọjà kan tó ń ti òkèèrè wá, bí náírà bá ti já bó ṣe já láti oṣù kẹfà 2023, yóò rí i lára. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa kọ́ iṣẹ́ tí ọjà àgbáyé kò lè kó wá sínú àpótí: títún ẹ̀rọ omi ṣe, síso iná oòrùn, títọ́jú ẹ̀fọ́ kó má bàa rà, títún tẹlifóònù ṣe.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jókòó ti onílé. A ti kọ́ ilé tó dára sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò, èyí tó dára, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má rélé. Ṣùgbọ́n ìlú tí a ti ń rí owó ilé náà, gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ńkọ́? Ẹni tó bá gbé ibì kan fún ogójì ọdún, tó bí ọmọ síbẹ̀, tó sin òkú síbẹ̀, kò yẹ kó máa wo pàǹtí ibẹ̀ bíi pàǹtí ẹlòmíràn. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wá àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn Haúsá, àwọn Ìgbò, kí wọ́n jọ dá ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó ọjà sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí alága má jẹ́ Yorùbá, ẹ gbà. Ẹni tó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ni a ó kọ́kọ́ rántí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń béèrè ta ló ni ìlú.

Àbá kan ló kù tí mo fẹ́ gbé ka iwájú ilé. Ẹgbẹ́ yìí ní ẹ̀ka ní ìlú tó pọ̀, ó sì ń tẹ ìwé ọdọọdún jáde. Mo bẹ̀ yín, kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa kọ ojú ewé kan ránṣẹ́ lọ́dọọdún: iye ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn wa tó ṣí àti iye tó tì, iye owó ìsọ̀ tí wọ́n san àti ohun tí wọ́n rí gbà padà, bóyá omi ẹ̀rọ ń yọ, iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́. Kò ná wa ní nǹkan ju bébà àti ìṣọ́ra lọ. Ní ọdún márùn-ún, àwa yóò ní àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kò ní nípa ìlú tiwọn. Bí iléeṣẹ́ ìlú kan bá ń kú lọ, a ó ti rí i lójú ìwé kó tó di pé a ń dá owó ìsìnkú.

Wọn yóò tún ṣe ìpinnu ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn yóò ṣe é ní Ṣáínà, kò sì sẹ́ni tí yóò ránṣẹ́ pè wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe ìpàdé ọjà ní Bukuru, ní Minna tàbí ní Gombe, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa níbẹ̀, kí rìsíìtì wa sì wà lọ́wọ́ wa.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.  Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìlú tí a wà tù wá lára, kí ilé tí a ti wá má sì gbàgbé wa.